Ìdágbére Mi fún Káńtà Kẹta àti Dátà Àlòìtán

Alága wa, ẹ̀yin tí ẹ fi ìjókòó ilé yín sílẹ̀ nítorí wa lọ́sàn-án yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, tí ẹ ti ń yọjú wo aago láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ti rí yín. Ẹ fara balẹ̀, tèmi ò ní gùn tó tiwọn. Ọ̀gá mi, máníjà wa, ẹ má bínú sí mi. Ìwé ìfẹ̀yìntì ti wà nínú báàgì mi, ẹnu mi ti gba òmìnira. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láti káńtà kìíní dé káńtà kẹfà, mo kí yín. Dókítà Fóònù, ìwọ tí ò ń tún fóònù ṣe ní yàrá ẹ̀yìn, mo kí ọ, mo sì bẹ̀ ọ́ kó o fi irinṣẹ́ yẹn sápò fún wákàtí kan péré. Ọkọ mi, télọ̀ tó rán aṣọ ọrùn mi yìí, ẹ̀yin ọmọ wa méjèèjì, mo kí yín. Ẹ̀yin oníbàárà wa, tí ẹ wọlé lónìí láìmú nọ́ńbà, láìtò, ẹ káàbọ̀. Àti ẹ̀yin, Màmá Agbẹ̀bí, tí ẹ jókòó ní ìlà kejì, tí ẹ gbé àmì-ẹ̀yẹ mi lé ẹsẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, mo kí yín, màmá. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín pátá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní ọlọ́ṣà lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì mi, torí náà ọpẹ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ náà ló sì máa pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Àmọ́ mo gbé ẹrù kan dání wá síbí. Mo ti gbé e fún ọdún mẹ́fà. Màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó kúrò lórí pèpéle yìí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wọ ilé-iṣẹ́ yìí. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù sápò. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n kó wa sí, àwa obìnrin mẹ́jọ, gbogbo wa de agbọ́rọ̀ mọ́ etí, à ń so ìpè kan mọ́ ìpè kejì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Etí ọ̀tún ni mo fi ṣiṣẹ́ náà, ó sì ti gbọ́ ti gbogbo ayé débi pé kò fẹ́ gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Ọkọ mi mọ̀. Bó bá fẹ́ tọrọ nǹkan, etí òsì ló máa ń gbà wá. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ ráhùn díẹ̀, etí ọ̀tún ló ń sọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Baba àwọn ọmọ mi, ẹ ṣeun. Láti ọdún yìí wá, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́, lẹ́ẹ̀kejì ọ̀hún, ẹ̀yin gan-an lẹ gbàgbé pé ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ẹ máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan níbi iṣẹ́ yín tí mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ní bí èèyàn bá fa ikùn wọlé nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, kí ẹ má gba ohun tí téèpù sọ gbọ́, torí onítọ̀hún máa jẹun tó bá délé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ lẹ ń sọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó télọ̀ ni mí, mi ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ télọ̀, ẹ máa tó rí ohun tó fà.

Ọ̀gá mi, ọpẹ́ yín rèé. Ìgbà tí wọ́n gbé yín dé ní ọdún méje sẹ́yìn, àwa àgbà káńtà wo ọjọ́ orí yín, a wo bàtà yín tó ń dán, a sọ láàárín ara wa pé a máa fi ojú ọmọ yìí rí nǹkan. Lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń pín nọ́ńbà bàjẹ́, tí èrò kún dé ojú títì, ẹ bọ́ kóòtù, ẹ jókòó sí káńtà kẹfà, ẹ ń fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sórí bébà pélébé fún àwọn èèyàn láti aago mẹ́jọ títí a fi ṣíwọ́. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń pè yín ní ọ̀gá. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ má bi mí ohun tí à ń pè yín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní káńtà kejì, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọdún mọ́kànlá la fi jà lórí fáànù. Ẹ̀yin fẹ́ kó máa fẹ́ sí yín lójú, èmi ń fi ọwọ́ méjèèjì di fóọ̀mù àwọn oníbàárà mú kó má bàa fò lọ. Ọjọ́ tí mo sin ìyá mi, ta ló jókòó sí káńtà méjì pọ̀, tí kò jẹ́ kí orúkọ mi wọ ìwé àwọn tí kò wá síbi iṣẹ́? Ẹ̀yin ni. Ẹ ò sọ ọ́ rí, ẹlòmíì ló sọ fún mi. Láti òní lọ, fáànù di tiyín, mo fi jì yín. Dókítà Fóònù náà ṣeun. Ó tú fóònù mi nígbà kan, ó tò ó padà, ìṣó kékeré méjì sì ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Mo ní, “Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?” Ó ní, “Mọ̀ǹlẹ́bí fóònù ni wọ́n, wọn ò níṣẹ́ níbẹ̀.” Fóònù náà ṣì ń ṣiṣẹ́ di òní, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bá a jiyàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ dátà, torí bí mo bá fẹ̀yìntì láìsọ̀rọ̀ dátà, ẹ máa rò pé ara mi ò yá. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àlòìtán dé? Orúkọ mìíràn la kọ sára ògiri fún un, orúkọ gígùn bí ọjọ́ ebi. Ẹ̀yin oníbàárà ò kà á. Ẹ ní dátà tí èèyàn ń lò tí kì í tán, kí la tún ń fi orúkọ gígùn ṣe? Àlòìtán lẹ sọ ọ́, àlòìtán ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó parí. Onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé-iṣẹ́ wa fi fóònù rẹ̀ ṣe tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo àwọn tó ń dúró de orí gígẹ̀. Ọkùnrin kan wà, ó wà láàárín yín, mi ò ní tọ́ka sí i, tó máa ń ṣí bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún yàrá òfo bó bá ń jáde, kí àlòìtán rẹ̀ má bàa jókòó lásán. Ayé rọgbọ nígbà yẹn, èmi gan-an gbàgbé ohun tí gíìgì ń jẹ́.

Ohun tó dùn kì í pẹ́ tán. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìwé dé láti òkè, láti olú ilé-iṣẹ́, pé a ò ní ta àlòìtán mọ́. Ilé-iṣẹ́ kejì tó wà lódìkejì títì náà pa tiwọn rẹ́ lóṣù kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́ lórí ibùsùn kan. Àmọ́ ìwé yẹn ní ìlà kan nísàlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà yìí sọ́kàn. Ó ní ẹni tó bá ti wà lórí àlòìtán tẹ́lẹ̀, kó máa lò ó lọ, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan jáde bọ́ sórí ètò mìíràn, ìbáà ṣe fún ọjọ́ kan péré, ilẹ̀kùn ti tì, kò lè padà. Ọ̀gá wa ka ìlà náà fún wa lẹ́ẹ̀mejì ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Ẹ má fọwọ́ kan àlòìtán ẹnikẹ́ni o. Bí èèyàn bá bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ òun kúrò, ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé kò sí àbọ̀, kí ẹ tó tẹ kọ̀ǹpútà.” Gbogbo wa la dáhùn pé a ti gbọ́. Èmi ni mo dáhùn sókè jù.

Ètò mẹ́fà ni wọ́n fi rọ́pò ẹyọ kan ṣoṣo. Kékeré, àárín, ńlá, ti ìdílé, ti ọ̀sẹ̀ kan, àti ọ̀kan tó ń sáré gan-an tí kì í pẹ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí lórí àlòìtán, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lórí rẹ̀ tẹ́rù ń bà yín, ẹ rọ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa mú. Níbẹ̀ ni orúkọ tí ẹ fi ń pè mí, Ẹjẹ́káwòó, ti wá. Mi ò ta ètò fún yín. Ètò ni mo ń fi wé ètò. Màá ní, “Ẹ jẹ́ ká wò ó,” màá gba fóònù yín, màá wo bí ẹ ṣe lo dátà fún oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, màá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá mi ní ìlà mẹ́ta, màá wá kọ ètò wa sí apá kan, màá kọ ti ilé-iṣẹ́ òdìkejì sí apá kejì. Bí tiwọn bá sàn fún yín, màá nawọ́ sí òdìkejì títì. Ọ̀gá wa ń rí mi, wọ́n á yí ojú sí ògiri bí ẹni tí ń ka kàlẹ́ńdà. Ọ̀gá, ẹ ṣeun fún kàlẹ́ńdà yẹn.

Awakọ̀ takisí kan wà tó ń ra ètò ńlá lóṣooṣù, ohùn tí àna rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ nìkan ló ń fi í gbọ́. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ sí kékeré. Ó ní, “Ṣé ó máa tó báyìí?” Mo ní, “Àyàfi bí àna yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.” Ìyá kan wà tó ń pa fóònù rẹ̀ ní ìdajì ọjọ́ kí dátà lè sinmi. A bá a sọ ọ́ pé kì í rẹ dátà. Báyìí ni orúkọ mi ń kálé káko. Ẹ ní obìnrin káńtà kẹta kì í parọ́. Ẹ ń dúró de nọ́ńbà mi, ẹ ń fi káńtà kejì àti ìkẹrin sílẹ̀ ní òfo. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyìn yẹn wọ̀ mí lágbárí. Ó débi pé bí mo bá ti rí nọ́ńbà mẹ́ta nínú ìwé mi, mo gbà pé mo ti rí ayé onítọ̀hún látòkèdélẹ̀. Àwọn àgbà tó sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ, ṣé wọ́n kàn fi ń dá àpárá ni?

Ẹrù mi ló kù tí mo fẹ́ sọ̀ yìí. Màmá Agbẹ̀bí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, kí àwọn tó kù máa gbọ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò yìí ni màmá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Bí a bá ní kí àwọn tí wọ́n gbẹ̀bí wọn nawọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn yìí, ọwọ́ á pọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, òkè òkun ló ń gbé. Màmá wà lórí àlòìtán. Wọ́n wá sí káńtà mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ń gba àlòìtán. Tèmi ńkọ́?” Ìdáhùn tó yẹ kí n fún wọn kò ju gbólóhùn kan lọ. Kí n ní, màmá, kò sẹ́ni tó máa gbà á, ẹ máa lọ sílé. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká wò ó.”

Mo wo oṣù mẹ́ta. Dátà tí wọ́n lò kò tó nǹkan. Inú mi dùn, bí inú ọdẹ tó rí ẹran ṣe ń dùn. Mo ní, “Màmá, ẹ ń sanwó odò, ife omi kan lẹ ń mu.” Mo ya ìlà mẹ́ta mi, mo fi hàn wọ́n, mo ní ètò kékeré ti tó wọn. Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.” Wọ́n buwọ́ lùwé. Mo tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọ̀gá ní ká sọ pé kò sí àbọ̀, mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà á lérò pé ẹni tí Ẹjẹ́káwòó bá ti bá wò ó, kí ló tún fẹ́ padà lọ ṣe?

Ohun tí mi ò béèrè nìyí. Mi ò béèrè ta ló wà nílé. Ọmọ wọn ti wá láti òkè òkun fún ìsinmi, oṣù mẹ́ta gbáko ló sì fi wà nílé lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú oyún. Ta ni wọ́n fẹ́ pè lórí fídíò nígbà tí ẹni tí wọ́n máa ń pè jókòó tì wọ́n lórí àga kan náà? Oṣù mẹ́ta tí mo wọ̀n, oṣù tí wọ́n fa ikùn wọlé ni. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo yọ wọ́n kúrò, ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọ rọbí. Ọ̀sán ni níbí. Màmá gbé fóònù ti agolo kan lórí tábìlì, àna wọn gbé tirẹ̀ dání ní ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, màmá sì ń bá ọmọ wọn mí. Wọ́n ń sọ ìgbà tó máa mí, wọ́n ń sọ ìgbà tó máa dúró, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún yìí wá. Ojú fóònù dúró gbagidi. Ó kọ ọ́ sí wọn pé dátà ti tán. Màmá jáde pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n sáré dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta káàdì, nẹ́tíwọ̀kì ń fà, onísọ̀ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tí ojú ọmọ wọn fi padà sórí fóònù, ó ti bímọ, wọ́n ti wẹ ọmọ náà, wọ́n ti fi aṣọ wé e, ó ti sùn. Àlàáfíà ni ìyá wà, àlàáfíà ni ọmọ wà, a dúpẹ́. Àmọ́ agbẹ̀bí tó gbọ́ igbe àkọ́kọ́ ọmọ gbogbo wa kò gbọ́ ti ọmọ-ọmọ tirẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ìyẹn lọ ṣì wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá wá sí káńtà mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé fóònù lé iwájú mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀?” Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rò pé mo sọ? Èmi tí kì í parọ́, mo ní, “Rárá o, màmá. Ilé-iṣẹ́ ló gba àlòìtán lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, bí ẹ bá tiẹ̀ dúró lórí rẹ̀, wọn ì bá gbà á.” Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Àwọn ni wọ́n tún ń tù mí nínú. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo ń jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á já ọsàn díẹ̀ látinú ọgbà wọn wá fún mi. Mo ti jẹ ọsàn ọdún mẹ́fà, kò sí ọ̀kan tó dùn lọ́fun mi.

Ọ̀gá mi, ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀. Màmá kọ̀wé ẹ̀sùn sí òkè, òkè ń bi yín léèrè. Ẹ pè mí, mo sọ ohun kan náà fún yín, pé ó ní láti jẹ́ pé òkè ló gé e. Ẹ ò tilẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà wò, torí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ gba ìwé ìbáwí. Ẹ sì tún lọ sílé màmá, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì ohun tí ẹ ò mọ̀wọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Mo wà ní káńtà kẹta lọ́jọ́ yẹn, mò ń fi ètò wé ètò fún ẹlòmíì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, mo ti buwọ́ lù ú, àárọ̀ yìí ni mo fi ránṣẹ́ sí òkè kí wọ́n lè fa ìwé yẹn ya.

Mo ti fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí relé, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mìíràn. Ọjọ́ Ajé tó kọjá lẹ wá sọ fún mi pé ẹ ti mú ẹni tó máa fi àmì-ẹ̀yẹ fún mi. Ẹ ní màmá fúnra wọn ló sọ pé bí kì í bá ṣe àwọn, kí ẹnikẹ́ni má fi fún mi. Ẹ sì fi hàn mí, ohun tí ẹ kọ sára dígí náà ni, Òṣìṣẹ́ Tí Kì Í Parọ́. Mi ò lè jẹun. Ọkọ mi bi mí, mo sọ fún un, ó ní, “A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.” Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún, ó sì ti rẹ̀ mí.

Àbúrò mi, ìwọ tó o máa jókòó sí káńtà kẹta láti ọ̀la, ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìwé ńlá mi wà nínú dúrọ́ọ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọ. O máa rí i pé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìlà kẹrin nìyí: kí o tó wo fóònù ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ bi í pé, ta ló wà nílé yín láti oṣù mẹ́ta, ta ló sì fẹ́ lọ? Àwọn kan á bínú sí ọ, wọ́n á ní dátà làwọn wá rà, kì í ṣe ìròyìn ẹbí. Rẹ́rìn-ín, kó o sì tún un bi wọ́n. Bí nǹkan bá sì wà tí kò ní àbọ̀, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹnu tiẹ̀ ń ro ọ́. Àga yẹn máa ń mì ní apá òsì, páálí ni mo ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, má yọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n wa ní káńtà kejì bá tan fáànù, jẹ́ kó fẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fún mi ní iṣẹ́, ẹ fún mi ní orúkọ, ẹ mú ọ̀rọ̀ ilé yín wá bá mi lórí pákó tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá pe ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ̀ẹ̀kan náà lá gbé e. Ìròyìn ayọ̀ ò ní dé kó bá yín níta. Ẹni tó bí ọmọ sí ìdálẹ̀, ojú rẹ̀ á rí i, ọwọ́ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ á gbọ́ ohùn rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ẹ̀yin tó kù lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò ní fi àbámọ̀ kúrò níbẹ̀. Alága wa, Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀.

Màmá, ẹ má dìde. Mo rí i pé ẹ ti bọ́ awò ojú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dìde. Ẹ má sì dá mi lóhùn níbí. Ẹni tí a bá bẹ̀ lójú ọgọ́rùn-ún èèyàn, dandan ni kó rẹ́rìn-ín, mi ò sì fẹ́ ẹ̀rín dandan lọ́wọ́ yín. Mi ò gbé àlòìtán yín dání wá, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà, kò sì sí èyí tó lè dá ọ̀sán ọjọ́ yẹn padà. Mò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí. Màá kúnlẹ̀. Màá gbé dígí yẹn kúrò lórí ẹsẹ̀ yín fúnra mi, màá dá a padà fún ọ̀gá, kí ọwọ́ yín lè ṣófo. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ọwọ́ náà ṣe, ìgbà tó bá sì wù yín ni.

Gbogbo yín, ẹ ṣé o.